Ẹyín Iná Bushrat

"Màámi, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta."

Tiwaladé jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tó ń din kosai, àkàrà àwọn Hausa, ní Sabon Gari ní ìlú Kano. Eruku ọyẹ́ bo òpópónà, àwọn kẹ̀kẹ́ ń yọ jáde nínú rẹ̀ bí ẹni ń ti ojú oorun bọ̀. Kì í ṣe ilẹ̀kùn ilé ló ń sọ. Ilé iṣẹ́ òkèèrè tó ń bá a tọ́jú kóòdù áàpù rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló pa àkáǹtì rẹ̀ dé, wọn kò sọ ìdí. Iná mànàmáná sì ti ba kọ̀ǹpútà tó fi kọ ọ́ jẹ́.

Áàpù náà ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Kano ní Yorùbá. Ohùn bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, wọn kò sì ní ohùn yẹn níbòmíràn.

Ìyá rẹ̀ bi í bóyá kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀dà rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni Tiwaladé fún. Bushrat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Brigade, ti fẹ́ gbé kóòdù náà síbi tí gbogbo ayé yóò ti rí inú rẹ̀, tí wọn yóò mú un, tí wọn yóò tún un ṣe. Tiwaladé fárígá, ó ní iṣẹ́ ọpọlọ òun kì í ṣe sàráà, kí Bushrat pa ohun tó dà kọ rẹ́. Láti ìgbà Iléyá ni wọn ò ti kí ara wọn.

Ramlat alábàágbé wọn dé pẹ̀lú agolo rẹ̀, ó wá tọrọ iná. Ìyá kó ẹyín iná sí i, kò tilẹ̀ bojú wò ó.

"Màámi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà á."

"Èwo ló dín nínú tèmi? Lọ́jọ́ tí òjò pa iná mi, ilé ta ni mo lọ?"

Tiwaladé pe Bushrat. Ojú tì í bó ṣe ń ṣàlàyé. Bushrat tan áàpù náà, ohùn bàbá Tiwaladé sì jáde láti inú fóònù, tó rọra, tó dùn: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sọ pé, ẹ káàárọ̀ sà." Àwọn ọmọ Bushrat sì ń dáhùn.

"O ní kí n pa á rẹ́," Bushrat sọ. "Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́."

Omi bọ́ lójú Tiwaladé. "Gbé e síta gbangba, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́, kó mú un."

Ìyá rẹ̀ ti gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Tiwa," ó wí.