Dúró Síta Títí Ojú Rẹ Yóò Fi Gbẹ

Ní ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìsìnkú káfíńtà, ọmọbìnrin rẹ̀ padà sí ilé ìwé. Ìbéèrè ìṣirò àkọ́kọ́ tí ó bá lára pátákó ni ti káfíńtà tí ó gé pákó sí ọ̀nà mẹ́fà. Kò mọ ìgbà tí omijé já bọ́ sórí ìwé rẹ̀. Olùkọ́ wọn, obìnrin tí àwọn ọmọ ń pè ní Má-mira lẹ́yìn, gbójú sókè.

"Ẹkún kì í jí òkú. Jáde, kí o dúró síta títí ojú rẹ yóò fi gbẹ."

Ó jáde. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó ronú jinlẹ̀. Bí òun bá ṣàìgbọràn, wọn yóò na òun. Ta ni yóò na ọmọ tó gbọ́ràn?

Ní ọjọ́ kejì, agogo lù, gbogbo wọn wọlé, òun dúró sínú oòrùn. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé.

"Ṣé o ò ní wọlé ni? Oòrùn á sọ ẹ́ di èédú."

"Kí n di èédú. Èédú náà ló ń jóni."

Má-mira jáde tòun ti bisikíìtì, nítorí alábẹ̀wò ilé ìwé ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì.

"Ó tó gẹ́ẹ́, ọmọ mi. Wọlé."

"Ojú mi ò tíì gbẹ, Mà."

Bẹ́ẹ̀, ojú náà ti gbẹ bí àpáta.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Má-mira fà á lọ́wọ́. Ọmọ náà dì mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni alábẹ̀wò, bàbá onírun funfun kan, bá wọn.

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀?"

"Bàbá mi ló kú, Sà."

Alábẹ̀wò náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ta ló ní kí o dúró síbí?"

Ọmọ náà na ìka sí Má-mira gbọọrọ, irú ìka tí ọmọdé kì í nà sí àgbà.

"Ẹ dúró dè mí níbí, Mà," ni alábẹ̀wò wí. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ wọ kíláàsì, ó mú un jókòó, ó sì ní kí ó sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì irú ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́.

Ó sọ ọ́. Níta, Má-mira ń fi etí gèlè nu ojú nínú oòrùn. Ọmọ káfíńtà sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kí ó lè rí i dáadáa.