Kí Abẹ Tó Kan Màmá

Ìyá ọkọ ló máa ń yẹ ìyàwó wò láti òkè délẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìyàwó ló yẹ ìyá ọkọ wò, ìsàlẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó yìí ló ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara ní ilé ìwòsàn, ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní sìkáànù. Ó gbójú sókè, ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó dúró bí ẹni tó ṣìnà.

"Ṣé kò sí ẹlòmíì níbí ni?" Màmá bèèrè.

"Ó wà, Mà. Ọkùnrin ni."

Màmá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ojú ìdí Màmá ló ti ya láti bí oṣù mélòó kan. Àwọn ọmọ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n gba ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ bó bá ti dé ilé ìgbẹ́, ẹkún ni. Oníṣẹ́ abẹ ní òun yóò gé díẹ̀ lára iṣan tó ń fún ojú ìdí pa, kí ó lè dẹ̀, kí egbò náà lè jinná. Ṣùgbọ́n igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wò ó bóyá iṣan náà pé. Lójú Màmá, ìfàsẹ́yìn lásán ni. Kí wọ́n ṣáà gé e.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó. Láti ìgbà náà, kò sí àlejò tí Màmá kì í sọ fún pé, "Èmi bí márùn-ún, wẹ́rẹ́ ni. Ìyàwó mi ò bímọ o, wọ́n gbé ọmọ jáde fún un ni." Ìyàwó á rẹ́rìn-ín, á gbé omi fún àlejò. Ọ̀rọ̀ ìkà ni, mi ò ní tàn yín.

"Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, Mà. Mi ò ní ki nǹkan kan bọ inú, ìta ni màá gbé e sí."

"O ò ní ṣèṣì?"

"Mi ò ní ṣèṣì, Mà."

Màmá kọjú sí ògiri. Iṣan náà hàn lójú ẹ̀rọ, dúdú, roboto bí òrùka. Ó yẹ kí ó yí po, ṣùgbọ́n ó já níwájú. Ìyàwó yí ọwọ́ padà, ó tún un wò. Ó já ni. Àpá àtijọ́ ni, irú èyí tí ọmọ bíbí máa ń fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá tún gé ibòmíràn lára rẹ̀, Màmá lè má lè mú ìgbẹ́ dúró mọ́, ìbáà jẹ́ nínú ilé, ìbáà jẹ́ láàárín èrò.

"Màmá, ṣé isó máa ń bọ́ mọ́ yín lára?"

Màmá gbórí sókè díẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀rọ ni. Ẹ ya nígbà ìbímọ, Mà, kò sì sẹ́ni tó rán an."

Inú ìyàwó dùn. Kí n má parọ́, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. "Wẹ́rẹ́" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ẹ̀yìn ìyá arúgbó náà tó ń gbọ̀n, ojú tì í, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Èwo nínú àwọn ọmọ ni, Mà?"

"Àkọ́bí. Ọkọ ẹ. O ṣáà mọ bí orí ẹ̀ ṣe tó."

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà."

"Mo rọbí títí, mo ní ikú ló kàn. Ìyá ọkọ mi ní kí n dákẹ́, pé wẹ́rẹ́ lòun bí tòun. Lèmi náà bá ń wí bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó kọ ọ́ fún oníṣẹ́ abẹ pé iṣan ti já níwájú, kí ó má gé e. Ó ṣàlàyé fún Màmá pé oògùn wà, abẹ́rẹ́ tó ń dẹ iṣan náà wà, dókítà ni yóò yan èyí tó bá a mu. Màmá kò tíì yíjú kúrò lára ògiri.

"Ọjọ́ tí wọ́n là ẹ́," ó ní, "ṣé ó dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí, Mà. Ọ̀rọ̀ yín ló wá dùn mí jù."

"Pẹ̀lẹ́."

Omi ojú ìyàwó já bọ́ sórí ẹ̀rọ. Ó yára fi aṣọ nù ún, nítorí omi kò gbọdọ̀ kan án.