Orúkọ Láti Oríta

Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó ń kọjá? Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, kí gbogbo abúlé má sì rí wàràkàṣì gbé lọ tà... Ilẹ̀ sì tutù. Aṣọ onírun kan ṣoṣo ni ìyá ọkọ mi fi wé ọmọ mi kó tó tẹ́ ẹ sí oríta.

"Ìyàwó, o ò gbọ́dọ̀ yọjú o! O bá yọjú pẹ́nrẹ́n, a ti bà á jẹ́ nìyẹn."

Mo gbọ́, Màmá. Mo lúgọ sẹ́yìn ọgbà níbí, mi ò mí.

Baba ìsàmì ilé wa ló sọ àwọn ọmọ mi méjì àkọ́kọ́ lórúkọ. Dragan. Milan. Ààyò ni ìtumọ̀ àwọn méjèèjì — ta ni kò ní fẹ́ mú ààyò lọ? Ikú mú wọn kí wọ́n tó rìn. Ìdí nìyẹn tá a fi pààrọ̀ baba ìsàmì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ibí kọjá ló máa sọ eléyìí lórúkọ, ohun tó bá sì pè é náà ló máa jẹ́, a ò gbọ́dọ̀ janpata...

Ẹnì kan ń bọ̀. Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ èèyàn re —

Áà. Obren ni. Obren tó ń bá ọkọ mi du ààlà oko! Ẹnu ẹ̀ kan náà ló fi sọ fún ọkọ mi lójú gbogbo ìjọ: "Radoje, ilé yín máa parun!" Orúkọ wo lẹnu yẹn fẹ́ sọ? Kí n sáré jáde? Kí n gbé e — rárá. Rárá, ẹsẹ̀ mi, dúró jẹ́ẹ́.

Ó ti rí i. Ó ṣí fìlà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀... ó gbé e.

"Stojan," ló wí. "Stojan lo máa jẹ́. Má lọ o, ọmọkùnrin."

Stojan. Ẹni tó dúró. Orúkọ tí àwọn baba wa ń sọ ọmọ nílé tí ọmọ kì í gbé. Kò lẹ́wà, kò dùn létí bíi Milan, "dúró" lásán tá à ń sọ fún ẹni tó ń kánjú... Obren ló sì sọ ọ́. Ó gbé e mọ́ àyà, ó ń rọ̀ ọ́.

Ó ń ké! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké, bó ṣe ń ta ẹsẹ̀! Kí ló dé tó dà bíi pé mi ò gbọ́ igbe ẹ̀ rí? Bí mo bá ń fún un lọ́yàn, ibòmíràn ni mo máa ń wò. Mo ti wo ilẹ̀ tí wọ́n máa sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀... Èmi, ìyá ẹ̀. Ọmọ tó wà láàyè ni mo ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ látọjọ́ tí mo ti bí i. Kò lọ síbì kankan. Èmi ni mo ti jọ̀wọ́ ẹ̀.