Ọ̀pá Ìwọ̀n Tihomir

"Kò tíì sí ìbọn tó lè purọ́ fún èmi Tihomir! Ẹ fi aṣọ di ojú mi, ẹ so ọwọ́ mi sẹ́yìn, kí ẹ kàn gbé e kọjá níwájú imú mi. Màá sọ ọdún tí wọ́n rọ ọ́ fún yín, màá sọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, màá sì sọ irú aláìmọṣẹ́ tó tún fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà. Ẹ̀rù? Ẹ̀rù ta ni yóò bà mí? Bó jẹ́ ti bíṣọ́ọ̀bù, tí kò bá ti jẹ́ ojúlówó, ojú rẹ̀ ni màá ti sọ ọ́!"

Orí ìjókòó ló dúró lé tó fi sọ ọ́, gíláàsì lọ́wọ́, nínú ilé ọtí kan ní ìlú Užice, láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Tihomir tẹríba fún wọn bí òṣèré. Nígbà tó gbé orí sókè, kò rí fèrèsé mọ́. Ọkùnrin kan ti dúró síwájú rẹ̀.

Gvozden ni. Gvozden ará òkè, tó ń bá abúlé mẹ́ta pa ẹlẹ́dẹ̀, tí ajá ń pa ẹnu ara wọn mọ́ tó bá ń kọjá lọ.

"Ìwọ gan-an ni mò ń wá," ni Gvozden wí. "Gbé báàgì ẹ. Ọkọ̀ ń bẹ níta."

"Ní báyìí? Mi ò tíì jẹun, ẹ̀gbọ́n—"

"Oúnjẹ wà. Ẹlẹ́dẹ̀ là ń pa lónìí."

Inú ọkọ̀ ni Tihomir ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Bàbá Gvozden kú ní ọdún tí ogun parí. Ìbọn kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, èyí tó fi ọwọ́ lásán gbà lọ́wọ́ ọ̀gá ológun Jámánì kan ní ọdún 1943. Gvozden ní ọ̀dọ̀ òun ló wà. Radojko àbúrò rẹ̀, tó ń gbé ní òdìkejì odò, ní irọ́ ni, ọ̀dọ̀ òun ló wà. Ọdún mọ́kànlá rèé tí wọn kò kí ara wọn. Lọ́la, abúlé fẹ́ ṣí òkúta ìrántí bàbá náà, wọ́n sì fẹ́ gbé ìbọn náà sínú àpótí onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìbọn kan ni wọ́n fẹ́," ni Gvozden wí. "Tèmi ni. Ìwọ á kàn kọ ọ́ sínú ìwé."

"Ṣé... ẹnikẹ́ni ti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò rí?"

"Oníṣègùn eyín kan wò ó lọ́dún tó kọjá. Ó ní kì í ṣe ojúlówó."

"Ibo ni ọkùnrin náà wà báyìí?"

"Ó ń wá oníṣègùn eyín."

Tihomir fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé Gvozden.

Ẹ wá wo àgbàlá! Ẹlẹ́dẹ̀ ti rọ̀ sórí igi, wọ́n ti là á gbalaja. Ọ̀bẹ méjìlá tò sórí tábìlì láti kékeré dé ńlá, bí ọmọ ilé ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, Stamena, ìyá Gvozden, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ń ro ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìkòkò ńlá.

"Ìbọn yẹn náà?" ni ìyá béèrè. "Gvozden, ìbọn yẹn—"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ro ọ̀rá yín. Ẹni tó mọ̀ nípa ìbọn ti dé."

Ìyá ń ro ọ̀rá rẹ̀ lọ.

Gvozden tú ìbọn náà sílẹ̀ látinú aṣọ ibùsùn. Tihomir mú ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ jáde, igi pẹlẹbẹ kan tí kò gùn ju ìka àti àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e kó bá àlàfo àárín sìkúrù méjì tó wà lábẹ́ ìbọn Jámánì mu. Ìbọn tí wọ́n rọ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní ìlú Kragujevac lẹ́yìn ogun jọ ti Jámánì bí ìbejì, àmọ́ àlàfo yẹn kúrú nínú tirẹ̀ díẹ̀, bí ìbú igi ìṣáná méjì. Ojú lè fò ó. Ọ̀pá kì í fò ó.

Ó gbé ọ̀pá lé e. Ọ̀pá gùn jù.

Ó yí i padà, ó tún un wọ̀n. Ọ̀pá ò yí ọkàn padà. Ó wo òkè ìbọn: wọ́n ti ha òǹtẹ̀ ìjọba kúrò níbẹ̀, wọ́n sì lu ẹyẹ idì Jámánì sí i, idì tó dà bí adìyẹ tí òjò pa. Wọn kò tíì máa rọ irú ìbọn yìí nígbà tí bàbá Gvozden kú. Òkú ló gbà á lọ́wọ́ ará Jámánì nìyẹn!

Lẹ́yìn rẹ̀, Gvozden ti mú ọ̀bẹ kan, ó ń pọ́n ọn. Ṣìì. Ṣìì.

"Ọ̀gá ìbọn, kí ló ń pẹ́?"

Òógùn ṣàn wọ Tihomir ní bàtà. Ó fi ahọ́n ka eyín rẹ̀: méjìdínlọ́gbọ̀n, gbogbo wọn ló sì fẹ́ràn. Ó ya ẹnu, ó fẹ́ sọ òótọ́, òótọ́ náà ti wà létè.

"Ojúlówó!" ló pariwo. "Ojúlówó pọ́ńbélé!"

Gvozden ju ọ̀bẹ nù, ó fi ẹnu ko Tihomir lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, eegun ẹ̀yìn Tihomir dún lẹ́ẹ̀mẹta. Tihomir kọ ọ́ sínú ìwé, ó buwọ́ lù ú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá fìlà rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà àgbàlá ṣí.

Radojko ni. Ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, torí òun náà ń pa ẹlẹ́dẹ̀ nílé tirẹ̀. Ó ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ! Ìbọn sì wà ní èjìká rẹ̀.

"Wọ́n ní amòye wà níbí," ló wí. "Kó yẹ tèmi náà wò."

Tihomir gbé ọ̀pá lé e. Ọ̀pá jókòó wẹ́kú. Idì rẹ̀, idì ni. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára gbogbo irin rẹ̀, títí dé èyí tó kéré jù. Ogún ọdún ló ti ń wá irú rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ló mú omijé ìyókù wá.

"Ọ̀kan ni bàbá wa gbà," ni Gvozden wí, ó tún ti mú ọ̀bẹ.

"Ọ̀kan ni," ni Radojko wí.

Láti ọdún mọ́kànlá, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nìyẹn.

"Èwo ni?"

Tihomir di ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ mú. Ó wo èyí, ó wo ìyẹn, ó wo ẹlẹ́dẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí láìgba àṣẹ.

"Méjì ni."

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò sún mọ́ ọn.

"Ará Jámánì méjì ni bàbá yín gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún mú ọ̀kan... ọwọ́ òsì mú ìkejì."

Ó di ojú, ó ń dúró de ìgbájú. Kò rí i. Igbe ló gbọ́.

"Mo mọ̀!" ni Gvozden ké. "Mo mọ̀ pé ará Jámánì kan ò tó bàbá wa!"

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

"Àbúrò mi!"

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ìgbà tí ife rakija kẹta, ọtí líle wọn, wọ inú Tihomir, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹnu sì padà sí ipò rẹ̀. Ṣebí ìdajì irọ́ ló pa? Ó na ìka sí ìbọn Radojko.

"Wò ó, mo fi ojú mi méjèèjì búra, òòlù ẹnikẹ́ni kò kan nọ́ńbà yìí láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé iṣẹ́!"

"Búrẹ́dì ni bàbá yín ń ṣe fún àwọn jagunjagun," ni Stamena wí, kò gbójú kúrò nínú ìkòkò. "Kò gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ra ọ̀kan níbi ìpàtẹ ọjà. Ẹ̀ ń jà lé e lórí, mo bá padà lọ ra ìkejì. Mo sọ fún olúkúlùkù pé tirẹ̀ ni ti bàbá, kí n lè rí oorun sùn."

"Ìyá! Ọdún mọ́kànlá!"

"Ẹ ò bi mí."

Tihomir sún mọ́ ìkòkò. Ó na ìbọn Radojko sí i.

"Ìyá mi... ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara ìkejì yìí ńkọ́?"

Ìyá gbọn ọ̀rá kúrò lára ìgbákọ.

"Ìbọn mẹ́sàn-án ni ọkùnrin tó tà á fún mi kó sábẹ́ koríko. Ìwé àṣẹ ìbọn kan ṣoṣo ló ní, ó wá fi òòlù lu nọ́ńbà inú rẹ̀ sára gbogbo irin wọn."