Òṣùmàrè Inú Garawa

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n pààrọ̀ aṣọ tútù tán tó padà sí ibi tí wọ́n ti ń sá koríko òkun, wọ́n ti dojú garawa tó gbé sẹ́nu ọ̀nà délẹ̀. Omi inú rẹ̀ ti gba gọ́tà lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá gbójú sókè wo okùn ìsákoríko. Láàárín àwọn koríko tí wọ́n gé dé láàárọ̀, ìdì kékeré kan rọ̀ síbẹ̀, tí omi ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀. Ó dúdú bí okùn bàtà àtijọ́.

"Ta ló fọ èyí?"

Ó béèrè ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dúró ti ẹ̀rọ omi níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Ẹ̀rọ.

"Èmi ni," ó dáhùn, ó ń fi ṣòkòtò nu ọwọ́. "Ẹ ò tiẹ̀ dúpẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Inú omi iyọ̀ lẹ fi í sí! Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo tún un fọ̀."

Ìyá wọn ló fi òfin yìí lélẹ̀ nígbà tí òun àti baba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà: ohunkóhun tó bá ti inú òkun jáde, omi ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Koríko tí iyọ̀ bá kù lára rẹ̀ kì í gbẹ, ṣe ló máa ń bu. Kódà àwọn ọmọ tó bá lọ wẹ̀ lókun, abẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó fojú kan oúnjẹ. Nígbà tí ọwọ́ Ọ̀gá Ẹ̀rọ mú koríko inú garawa, kò béèrè lọ́wọ́ orí rẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n koríko yìí kì í ṣe ti títà. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti gbọ́njú ni Ìyá ti ń sọ pé koríko kan wà lẹ́yìn àpáta ńlá, níbi tí òkun kì í tú sílẹ̀ àfi tó bá fà sẹ́yìn gidigidi. Bí o bá fà á jáde, ó pupa rúsúrúsú lásán. Ṣùgbọ́n nínú omi, nígbà tí oòrùn bá là á, bí o bá yí orí báyìí, búlúù ni. Tún orí yí, ó di àwọ̀ ewé, ó di àlùkò, bí epo ọkọ̀ tó dà sójú títì lẹ́yìn òjò. Òun àti baba wọn ni wọ́n jọ rí i kí wọ́n tó fẹ́ra. Baba ti kú, kò lè jẹ́rìí mọ́. Ọ̀gá Ẹ̀rọ sì ti sọ ọ̀rọ̀ náà di àwàdà. Ẹnikẹ́ni tó bá parọ́ níbi iṣẹ́, yóò ní, "Ó ti lọ sẹ́yìn àpáta!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, Ìyá náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n máa ń rí i pé ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí ọ̀bẹ.

Nísinsìnyí, ojú Ìyá ń ṣú lọ. Lọ́jọ́ kan ló sọ ọ́ wẹ́rẹ́, lórí àga rẹ̀: "Tí mo bá fọ́jú tán, kò ní sẹ́ni tó rí i mọ́." Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbọ́n fi wọ omi dé itan láàárọ̀ yẹn nígbà tí òkun fà sẹ́yìn, tó rí i, tó gé ìdì kan, tó sì gbé e bọ̀ nínú omi òkun bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"O ò rí bó ṣe ń dán nínú garawa ni? Ojú ẹ ńkọ́?"

"Mi ò wò ó. Ta ló ń wo koríko? Fífọ̀ là ń fọ̀ ọ́."

"Mú un sọ̀ kalẹ̀!"

Ọ̀gá Ẹ̀rọ mú un sọ̀, ó bu omi ẹ̀rọ sí garawa, ó tì í bọ inú rẹ̀. Ó dúdú síbẹ̀; omi tí kò níyọ̀ ti pa á. Ó sáré lọ bu iyọ̀ wá láti ilé ìdáná, ó ń bù ú sí i.

"Ṣé ọbẹ̀ lò ń sè ni?" Ẹ̀gbọ́n ti ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Bóyá òòyì ló kọ́ yín nínú omi. Ẹ̀yin náà ti lọ sẹ́yìn àpáta."

Òṣìṣẹ́ kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n gbé garawa, ó là á mọ́ ògiri, ẹ̀rín sì kú.

"Kí lẹ ń jà lé lórí?" Ìyá béèrè láti yàrá. Nígbà tí wọ́n kó ìdì náà lé e lọ́wọ́, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n rò pé yóò sunkún, ṣùgbọ́n ṣe ló jágbe mọ́ wọn.

"Ta ló ní kí ẹ gé e?"

"Ìyá, kí ẹ lè rí i ni."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ rí i? Ojú tèmi ti rí i! Ojú eléyìí ni mo fẹ́ kó rí i, kí n tó lọ." Ó nàka síbi tí ohùn ọmọkùnrin rẹ̀ ti wá. "Bẹ̀rẹ̀. Pọ̀n mí."

"Ìyá, òkun ti ń padà bọ̀."

"Mo ní kí o pọ̀n mí!"

Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìyá tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e dé ẹnu ọ̀nà mọ́, ẹ̀yìn ọmọ tó ń bí i nínú ló gùn dé etíkun. Ẹ̀gbọ́n ṣáájú, kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ rọra, Ìyá, ẹ ń fún mi lọ́rùn."

"Kò tíì tó bó ṣe yẹ."

Nígbà tí wọ́n yí àpáta náà ká, omi ti mù wọ́n dé ìbàdí. Ẹ̀gbọ́n nàka. Ọ̀gá Ẹ̀rọ tẹ orí ba.

"Kí lo rí?" Ìyá ń wo ọ̀kánkán. Ìmọ́lẹ̀ funfun nìkan ló kù fún un.

"Ìyá..."

"Mi ò bi ọ́ lórúkọ mi. Kí lo rí?"

"Búlúù ni."

"Yí orí ẹ."

"Ó ti di... háà! Àwọ̀ ewé. Àlùkò nìyẹn. Ìyá, ó tún ti yí padà!" Ó ń pariwo bí ọmọdé.

"Irọ́," ni Ìyá wí.

"Ìyá?"

"Irọ́ lò ń pa. O ti lọ sẹ́yìn àpáta."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́! Mo fi Ọlọ́run búra, ó wà níbí, mo rí i!"

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe máa ń wí."

Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo rí i."

Ẹ̀gbọ́n wo kùkùté ìdì tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé, tó ń mì nínú omi. Ó wo ojú òkun. Ó yí padà sọ́nà ilé.

Títí wọ́n fi délé, Ọ̀gá Ẹ̀rọ ń ka orúkọ àwọ̀ náà lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó gbé Ìyá kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ti nà sí ẹ̀rọ láti ṣan ẹsẹ̀ Ìyá.

"Má fọ̀ mí," ni Ìyá wí. "Jẹ́ kí iyọ̀ yẹn wà lára mi."