Ife Méjì Tí Mo Kà

Lẹ́yìn tí ọ̀gá wa mutí yó, tó fi alùpùpù rẹ̀ kọ lu ògiri, tí kò sì lè rìn mọ́, àwa mẹ́ta tó kù ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ náà ṣòfin fún ara wa. A kì í mutí láìjẹun. Bí a bá mu ife ọtí kan, a ó fi omi lé e. Ẹni tó bá gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn lọ́jọ́ náà kò ní fẹnu kan ọtí rárá. Òun ni yóò máa ka ife àwọn yòókù, òun náà ni yóò sì gba kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lọ́wọ́ wọn.

Abẹ́rẹ́ là ń pe ẹni tó ga tó sì tínrín nínú wa. Bọ́tìnnì kúrú roboto. Èmi ni wọ́n ń pè ní Àlùfáà, torí pé orin ìyìn kì í tán lẹ́nu mi nídìí ẹ̀rọ. Gbogbo ìgbà tí ìyá Abẹ́rẹ́ bá rí mi ló máa ń sọ pé, "Àlùfáà, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí o. Má fi í sílẹ̀." Èmi a ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Ọ̀sán Sátidé kan, èmi ni téèpù kàn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí aṣọ ilé ìwé tí a ti ń rán láti ọjọ́ Ajé. Abẹ́rẹ́ ló gbé e lọ fún wọn, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ìgbà tó dé la tó ṣí ọtí.

Nígbà tó mu ife kejì tán, mo ní, "Ó tó o. Omi ló kàn."

"Àlùfáà, ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Bọ́tìnnì bú sẹ́rìn-ín. "Ká ní òun ló bí ẹ, ì bá ti gé ẹ kúrú. Aṣọ rẹ ń jẹ yáàdì jù!"

Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. Nígbà tó dìde, tábìlì ìlọṣọ ló dì mú.

"Ojú ẹ̀ ò dáa o," ni Bọ́tìnnì wí. "Àbí ó ti mu nǹkan míì tẹ́lẹ̀?"

"Ife méjì ni. Mo kà á. Àìsùn ló ń dà á láàmú."

Ohun tí mo rí ni mo kà. Mi ò béèrè ohun tí mi ò rí, bẹ́ẹ̀ ẹnu kò dùn mí.

Abẹ́rẹ́ ń béèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mi ò fún un. A tẹ́ ẹ sórí ìdì aṣọ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó dojú kọ àjà, oorun sì gbé e lọ. Mo ní láti gbé Bọ́tìnnì délé. Kí Abẹ́rẹ́ má bàa jí kó lọ gun alùpùpù ẹlòmíràn, mo tilẹ̀kùn láti ìta. Lójú ọ̀nà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sẹ́ni tí yóò kọ lu ògiri lónìí.

Ó tó wákàtí kan kí n tó padà. Èébì ti kún ẹnu àti imú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo fi ìka gbá ẹnu rẹ̀ mọ́, mo ń pariwo, "Jésù, má jẹ́ kó kú! Má jẹ́ kó kú!" Awakọ̀ kan ní ìsọ̀ kejì ló bá mi gbé e dé ilé ìwòsàn.

"Kí ló mu?" ni nọ́ọ̀sì bi mí.

"Ife méjì."

Ó tọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò Abẹ́rẹ́, ó sì yọ ìgò ọtí líle pẹlẹbẹ kan jáde. Òfìfo ni. Ó bi mí bí a ṣe tẹ́ ẹ sùn, mo sì sọ fún un.

"Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí ẹ fi tẹ́ ẹ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kí ẹnì kan sì jókòó tì í." Kò jágbe mọ́ mi. Ì bá sàn kó jágbe.

Kò pẹ́ tí dókítà jáde, tó sì mi orí.

Ìyá Abẹ́rẹ́ dé, gèlè lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún un. Kò sunkún. Ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Àlùfáà, ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ mi nígbà tó ń kú lọ?"

Mo fẹ́ sọ pé Ọlọ́run wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tó bi mí kọ́ nìyẹn.

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn."