Káàdì Ọjọ́ Kẹta

Ó ti rẹ Afínjú. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kúrò o. Èyí tó máa ń bá èèyàn jí láàárọ̀ ni. Láti ìjẹta tí ọ̀gá àgbà ọsibítù ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ wọ́ọ̀dù láìní káàdì tí ojú rẹ̀ hàn ketekete, òun àti ẹ̀rọ tuntun tó ń tẹ káàdì ni wọ́n jọ ń fà á nínú yàrá kótópó ẹ̀gbẹ́ géètì. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò tóbi ju páálí bàtà lọ, àmọ́ ó ti fi ojú obìnrin náà rí màbo.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ níbẹ̀. Afínjú ni wọ́n ń pè é, ó sì yẹ ẹ́. Kó tó jókòó, á nu àga. Kó tó mu omi, á ṣan ife lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń fọ ọwọ́ débi pé awọ ọwọ́ rẹ̀ ń sán, nítorí náà ìpara kì í jìnnà sí tábìlì rẹ̀. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó wá gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ kò mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tó fi ní, "Màmá, eruku ni ọ̀tá ẹ̀rọ yìí o." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ìgbà náà, kò sí káàdì funfun kan tí Afínjú kì í fi àtẹ́lẹwọ́ nù dáadáa kó tó tì í bọnú ẹ̀rọ, bí ìyá tó ń nu ojú ọmọ tó fẹ́ lọ síléèwé.

Síbẹ̀, káàdì ń jáde pẹ̀lú àbàwọ́n funfun. Ẹni tí àbàwọ́n bá bọ́ sára ẹ̀wù rẹ̀ nínú àwòrán, orí yọ ọ́, ẹ̀ṣọ́ á jẹ́ kó wọlé. Ẹni tó bá bọ́ sí lójú, kó máa padà síbi tó ti wá.

Bàbá Oníkúlà wà lára àwọn tí orí kò yọ. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí kúlà oúnjẹ tó máa ń gbé mọ́yà wá lójoojúmọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ibùsùn, kì í sì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi ọkọ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ títí, ògiri ló kọjú sí. Níjẹta, àbàwọ́n jẹ imú àti ẹnu bàbá lórí káàdì. Ẹ̀ṣọ́ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ibo lẹ wà nínú èyí?"

Lánàá, Afínjú fi kún ooru ẹ̀rọ, ó rò pé ọ̀dà ni kò mú dáadáa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, ó ní ó ń pọ́n. Àbàwọ́n kò kúrò, ìyókù ojú bàbá sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá sún mọ́ tábìlì.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ pé..."

"Bàbá, ẹ dákẹ́! Gbogbo yín lẹ fẹ́ sọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi!"

Bàbá padà sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí aago mẹ́ta lù, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, ó gbé kúlà rẹ̀ lọ sílé bó ṣe gbé e wá.

Lónìí, aago méjì ti kọjá. Afínjú ti ki káàdì tí wọ́n fi ń nu inú ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti fi sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ, ó ti pààrọ̀ ríbọ́ọ̀nù tí ọ̀dà wà lára rẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó para, ó mú káàdì, ó nù ún, ó tẹ̀ ẹ́. Àbàwọ́n. Ó gbé orí lé tábìlì.

"Ó ti sú mi," ló sọ, kì í ṣe fún ẹnì kankan.

Bàbá fohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì.

"Ìyá mi, ẹ má bínú sí mi o. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Láyé ìgbà tiwa, bí èèyàn bá fi ọwọ́ tó ní epo kan bébà fọ́tò, àwòrán kò ní mú níbẹ̀. Ìpara ọwọ́ yín ni. Ẹ má nu káàdì mọ́. Etí rẹ̀ ni kí ẹ ti máa mú un."

Afínjú wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń dán. Ojú tì í débi pé kò lè wo bàbá. Ó lọ fọ ọwọ́, ó nù ún gbẹ, kò para. Ó dá ooru padà síbi tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi í sí, ó tú páálí káàdì tuntun, ó fi ìka méjì mú ọ̀kan létí, ó tì í bọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kùn, ó kùn, ó pọ káàdì jáde. Bàbá nìyẹn, títí dé irun funfun tí abẹ kò dé lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù. Ẹ̀ṣọ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó sún kúrò lọ́nà.

Nígbà tí wọ́n ti wọ́ọ̀dù, bàbá yà, ó ṣí kúlà han Afínjú. Ó ti ṣófo.

"Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé òun ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Afínjú wọnú eegun.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ti rí i pé ọwọ́ mi ni?"

"Láàárọ̀ àná."

"Ẹ wá ń wò mí? Ṣebí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Òótọ́ ni. Àmọ́ ìyá ọmọ ní kí àgbà dákẹ́." Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀ rárá. "Ọwọ́ yín ni káàdì mi wà. Bí mo bá mú yín bínú, ta ló máa jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Ó kí i pé ó dàárọ̀, ó jáde. Nígbà tí Afínjú fi rí ẹnu wí pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, bàbá ti kọjá géètì, kúlà wà lábíyá rẹ̀, ó sì ń fi ìka méjì mú káàdì náà létí lọ.